Ẹja Kékeré, Gbèsè Ńlá

Nígbà tí ìgbìmọ̀ olóòtú ní kí a kọ ohun kan tí a kò lè gbàgbé nípa ilé-ẹ̀kọ́ wa, ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa retí pé a ó kọ nípa ilé ìsìn, tàbí nípa bí a ṣe gba ìpè sí iṣẹ́ àlùfáà. Àwọn mìíràn ti kọ irú rẹ̀ ju bí a ti lè kọ ọ́ lọ. Ẹja ni àwa fẹ́ kọ nípa rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹja náà kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó ti ń yọ ọkàn wa lẹ́nu fún ohun tí ó lé ní 50 ọdún.

Ní ọdún 1973, a wà ní fọ́ọ̀mù kejì. Olùkọ́ tí ń kọ́ wa nípa àwọn ohun ẹlẹ́mìí gbé àpótí dígí kan sínú yàrá sáyẹ́ǹsì. Ó fi iyanrìn odò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó rọ omi sí i, ó sì ní kí olúkúlùkù wá ẹja wá láti inú odò kékeré tí ó wà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn kan mú ọmọ ẹ̀pìyà wá, àwọn kan mú légbénlégbé wá. Ṣùgbọ́n àwa mẹ́ta kan wà tí a jọ ń sùn ní igun kan náà nínú ilé ibùsùn, a kò sì fẹ́ mú ohun tí gbogbo ayé ń mú. A ti rí ẹja kan tí ń gbé abẹ́ gbòǹgbò igi létí odò, òun ni ó wù wá.

Ìbátan ẹ̀pìyà ni ẹja náà, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti ẹ̀pìyà lọ, ẹnu rẹ̀ gbòòrò, eyín rẹ̀ sì mú. Àmì dúdú 5 tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti orí dé ìrù. Bí àkókò ìyé ẹyin bá tó, ara rẹ̀ a pọ́n bí ẹni tí a fi epo pa lára. Ọmọ Jámánì kan tí ń jẹ́ Wilhelm Peters ni ó sọ ọ́ ní Hemichromis fasciatus ní ọdún 1857, ṣùgbọ́n àwọn tí ń gbé etí odò ti mọ̀ ọ́n kí a tó bí baba Peters. Ẹja mìíràn ni oúnjẹ rẹ̀. Kì í sáré kiri láti wá a. A máa ba sí ibi òjìji, a dúró jẹ́ẹ́, bí ọmọ ẹja kan bá sì ṣèèṣì kọjá níwájú rẹ̀, ó ti gbé e mì kí ojú tó ṣẹ́.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. A kọ́kọ́ fi ìwọ̀ àti ekòló dán an wò, ṣùgbọ́n ìwọ̀ a máa ya ẹja kékeré lẹ́nu, ẹja tí ẹnu rẹ̀ ya kì í sì í pẹ́ kú. Nígbà náà ni a gé àkísà nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, a rán an mọ́ wáyà tí a ká bíríkítí, a sì so ó mọ́ igi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí odò bá ti fà tí ó ku kòtò kòtò, ẹnì kan a dúró ní ìsàlẹ̀ odò pẹ̀lú àwọ̀n yìí, àwọn méjì a máa fi ẹsẹ̀ tẹ gbòǹgbò igi bọ̀ láti òkè. Ẹja tí ó bá sá jáde, inú àwọ̀n ni yóò bá ara rẹ̀. A kì í kó ju méjì tàbí mẹ́ta lọ sínú garawa kan, a ó sì fi ewé bo ojú rẹ̀ kí oòrùn má bàa pa wọ́n, kí wọ́n má sì fò jáde.

Ní ọjọ́ kan, a bá ọ̀kan pàdé tí kò sá. Ó dúró gangan níwájú àwọ̀n wa, ó tilẹ̀ ń bù ú jẹ. Inú wa dùn pé ó rọrùn láti mú. Ìgbà tí ó ti wà nínú garawa ni a tó rí i pé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wà ní ibi tí ó dúró sí, wọ́n pọ̀ bí eruku. Ìyá tàbí baba wọn ni a mú, nítorí takọtabo ẹja yìí ni ó jọ ń ṣọ́ ọmọ. Èkejì rẹ̀ ń yí àwọn ọmọ náà po, ṣùgbọ́n ẹnì kan kò lè dúró ní ọ̀nà méjì. Àwọn ẹja mìíràn ya wọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn. Kí a tó kúrò níbẹ̀, ojú wa rí i bí eruku náà ṣe ń dínkù. A lè dá a padà. A kò dá a padà.

Kò pẹ́ tí ó wọ inú àpótí dígí tí àwọn ọmọ ẹ̀pìyà fi bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá. Àwọn tí ó mú wọn wá ń pariwo pé kí a pa ẹja burúkú náà. Olùkọ́ wa rẹ́rìn-ín, ó ní ẹja kò dẹ́ṣẹ̀, bí a ti dá a ni ó ṣe ń jẹun. Ẹni tí ó kó wọn pọ̀ sínú àpótí kan ṣoṣo ni kí a bi léèrè. Ó ní kí a kó o padà sí odò ní ọjọ́ kejì.

Ọkàn wa kò gbà á. Ní òru ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí a ti pa iná, àwa mẹ́ta gba ojú fèrèsé wọ yàrá sáyẹ́ǹsì láti jí ẹja wa gbé kí a sì fi í pamọ́ sínú abọ́. Òkùnkùn ṣú. A kò mọ apá ẹni tí ó kan àpótí náà. Ohun tí a mọ̀ ni pé ó ṣubú, ó sì fọ́ yángá, omi sì bo ẹsẹ̀ wa. A sá lọ. Ilẹ̀ ni wọ́n ti bá ẹja náà ní òwúrọ̀, ó ti gbẹ.

Ọmọ fọ́ọ̀mù kìíní kan ni ó kàn láti gbá yàrá náà kí ó sì ti fèrèsé rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Òun ni wọ́n mú. Ó ní òun kọ́, ó sunkún, ó búra. Wọ́n nà án níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì ní kí ó san owó dígí. Àwa mẹ́ta wà lórí ìlà pẹ̀lú sálúbàtà tí kò tíì gbẹ, a ń wo iwájú. Ní ọjọ́ ìbẹ̀wò, a rí ìyá rẹ̀ tí ó tú etí ìró rẹ̀, tí ó ń ka owó wẹ́wẹ́ sórí tábìlì. Nígbà tí a wọlé ní táàmù kejì, ọmọ náà kò padà wá. Bóyá owó náà ni ó fà á, bóyá òun kọ́. A kò bi ẹnikẹ́ni, nítorí ẹ̀rù èsì rẹ̀ ń bà wá. A kò dá àwọn olùkọ́ wa lẹ́bi. Ohun tí ó hàn sí wọn ni wọ́n fi dájọ́. Àwa ni a fi òtítọ́ pamọ́ fún wọn.

Lẹ́yìn èyí, a lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, a gbé ọwọ́ lé wa lórí, a sì wàásù nípa ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní ìjọ tí ó ju ọ̀kan lọ. Ọ̀kan nínú àwa mẹ́ta ti di olóògbé. Nígbà tí a lọ kí i lórí ibùsùn àìsàn rẹ̀, ó bi wá bóyá a rántí ọmọ náà. A ní a rántí. Kò sọ ohun mìíràn.

Lẹ́yìn tí a fẹ̀yìn tì, ọmọ ọmọ wa kan, ọmọ ọdún 9, wá lo ìsinmi gígùn lọ́dọ̀ wa. Kí ó lè gbé fóònù sílẹ̀ díẹ̀ ni a ṣe ní kí wọ́n kan àpótí dígí fún wa. A kọ́ ọ ní ohun tí a ti kọ́ nígbà èwe àti èyí tí a kọ́ lẹ́yìn rẹ̀: pé kí a jẹ́ kí omi ẹ̀rọ dúró fún ọjọ́ méjì kí oògùn inú rẹ̀ tó lọ, pé kí a fọ iyanrìn títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, pé kí a máa pààrọ̀ omi díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí a má da gbogbo rẹ̀ nù lẹ́ẹ̀kan, pé kí a má fi ohunkóhun tí ó lè gba ẹnu ẹja yìí kọjá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, àfi bí a bá fẹ́ kí ó jẹ ẹ́. A jọ lọ sí odò, a sì mú takọtabo kan tí kò tíì dàgbà púpọ̀. Tanwíjí, ekòló àti edé wẹ́wẹ́ ni a fi bọ́ wọn. Nígbà tí ó yá, wọ́n pọ́n, wọ́n fi ẹnu nu òkúta pẹlẹbẹ kan mọ́, wọ́n yé ẹyin sí i, àwọn méjèèjì sì ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru.

Ní ọjọ́ kan, ọmọ náà ju légbénlégbé kan sí i. Ẹja náà gbé e mì. Ojú rẹ̀ yí padà, ó ní, “Bàbá àgbà, ṣé ẹja yìí burú ni?” A fún un ní èsì olùkọ́ wa ìgbà yẹn. Ó ní, “Èyí tí ẹ mú ní ilé-ẹ̀kọ́ yín ńkọ́? Kí ni ó ṣe é?” A ní àpótí rẹ̀ fọ́. Ó ní, “Ta ni ó fọ́ ọ?”

A dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà a ní, “Àwa ni.” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu wa. Ó wò wá, ó ní, “Ṣé ẹ sọ fún tíṣà yín?”

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ ó gbà pé a kò lè purọ́ fún irú ojú bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tiwa ju ogún lọ, ọmọ ọdún 9 ni ó sì bá a.

Láti ìgbà náà ni a ti ń wá ọmọ fọ́ọ̀mù kìíní náà, tí òun pàápàá yóò ti di àgbàlagbà báyìí. Olùkọ́ wa ti sùn nínú Olúwa. A ti béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, a kò tíì rí i. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ ọ́ síhìn-ín, ní ibi tí ojú àwọn ẹgbẹ́ wa yóò ti kà á. Ẹnì kejì wa tí ó ṣẹ́ kù mọ̀ pé a ń kọ ọ́, ó sì fọwọ́ sí i.

A ti bá ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ sọ ọ́ pẹ̀lú. Ó gbà kí a fi àpótí dígí tuntun kan sí yàrá sáyẹ́ǹsì nígbà àyájọ́ yìí. Ohun méjì ni a bẹ̀ ẹ́ fún. Èkíní ni pé odò ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ ni kí a ti mú ẹja inú rẹ̀, kí a má sì da ẹja tí ó ti ibòmíràn wá sí odò náà láé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde wa tí ó wà ní Florida, ní Amẹ́ríkà, lè jẹ́rìí sí i pé ìbátan ẹja yìí kan tí ó ti Áfíríkà dé ọ̀hún ti gba inú omi wọn, ó sì ń jẹ ẹja ìbílẹ̀ wọn. Èkejì ni pé bí àwọn ọmọ bá rí ẹja tí kò sá fún àwọ̀n, kí wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e.

Kí Ọlọ́run bùkún ilé-ẹ̀kọ́ wa, kí ó sì jẹ́ kí a tún pàdé ní àyájọ́ tí ń bọ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì mọ ibi tí arákùnrin wa náà wà, ẹ bá wa sọ fún un pé a ń wá a, pé owó ìyá rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn wa, àti pé gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ti wá mọ̀ báyìí pé òun kọ́ ni ó fọ́ àpótí náà. Àwa ni.