Àtàǹpàkò John Hurt
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń fetí sí orin tí onígìtá kan, Mississippi John Hurt, gbà sáwo lọ́dún 1928, tí mo ń wá ibi tí ìka rẹ̀ wà lórí gìtá. Mo kọ́kọ́ rò pé èèyàn méjì ló ń ta á. Irọ́ ni! Àtàǹpàkò rẹ̀ ń fò láti orí okùn tó nípọn kan sí èkejì, bí ìgbà tí èèyàn méjì bá ń gún iyán nínú odó kan. Àwọn ìka yòókù ló ń dá orin lórí okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Àwo àtijọ́ tí mo ń fi gìtá mi tẹ̀ lé tún ní ìṣòro tirẹ̀: bó bá yára jù díẹ̀, ohùn á gòkè, gìtá mi ò ní bá a mu mọ́. Ní báyìí, mo ti padà sórí fífi àtàǹpàkò nìkan dánra wò. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.