Oògùn Tí Kì í Dúró De Mọ́tò

Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí èmi àti bàbá kan ládùúgbò wa ti wọkọ̀ ní Mayfair, n'Ílé-Ifẹ̀, à ń lọ sí UCH n'Ìbàdàn. Jẹjẹrẹ tó máa ń mú ọkùnrin nídìí ilé-ìtọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní prostate, ló ń bá bàbá fínra. Dókítà fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti wọ eegun.

A ò tíì kọjá Ìpetumodù tí bàbá fi bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, wọ́n ní iná bọ́ǹbù ni wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún síni lára níbẹ̀. Ṣé n óò tún lè gbé ọmọ-ọmọ mi mọ́ra?"

Mi ò fi bàbá rẹ́rìn-ín. Mo ti rí àwọn tó tìtorí irú ìbẹ̀rù yẹn jókòó sílé títí ọ̀rọ̀ fi bẹ́yìn yọ. Mo ní oògùn díẹ̀ ni wọ́n máa gún sínú iṣan, èròjà kan wà lára rẹ̀ tó ń tan ìtànṣán, kámẹ́rà á sì máa ká ìtànṣán náà bó ṣe ń jáde. Technetium ni orúkọ èyí tí wọ́n ń lò fún eegun. Ọdún 2006 ni UCH ti bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí.

Bàbá tún ní kí ló dé tí oògùn náà ò lè wọ mọ́tò wá bá wa n'Ífẹ̀. Ìbéèrè ńlá! Láàárín wákàtí mẹ́fà, agbára technetium ti dín sí ìdajì. Ìyá rẹ̀ tó ń jẹ́ molybdenum ni wọ́n ń gbé rìn nínú àpótí òjé. Ìyá yìí máa ń wúlò tó ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á sì máa fún technetium lára rẹ̀ bí Fúlàní ṣe ń fún wàrà. Màlúù gan-an ni àwọn oníṣẹ́ náà ń pe àpótí ọ̀hún kárí ayé. Bàbá rẹ́rìn-ín títí a fi dé Gbọ̀ngán.

Ní Ìkirè, a ra dòdò. Àyẹ̀wò eegun kì í béèrè pé kéèyàn gbààwẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti sọ ti flúórìn 18 fún un. Ẹ mọ flúórìn, ó wà nínú ọṣẹ ìfọyín. Ti inú ọṣẹ jókòó jẹ́ẹ́, àmọ́ ìbátan rẹ̀ yìí ń tan ìtànṣán, ìṣẹ́jú 110 ló sì fi ń dín sí ìdajì. Wọ́n máa ń so ó mọ́ ṣúgà, nítorí ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ máa ń gba ṣúgà ju ara yòókù lọ, kámẹ́rà PET á sì fi ibi tó kó jọ sí hàn. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ tètè sọ.

Flúórìn yìí ò ní màlúù. Ẹ̀rọ ńlá tó ń jẹ́ cyclotron ló ń ṣe é. Bí wọ́n bá ṣe é láago mẹ́fà àárọ̀, ìdajì ló kù láago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìdá kan nínú mẹ́rin láago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú. Súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ Ìwó Road á sì máa jẹ èyí tó kù.

Ìdí nìyẹn tí àwọn oníkẹ́mísìrì fi ń wá ọ̀nà tó yá. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gún èèyàn ní ṣúgà yìí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1976, gáàsì flúórìn ni wọ́n fi ṣe é, ó kéré tán ìdajì flúórìn náà ló ń ṣòfò. Lọ́dún 1986, àwọn ará Jülich ní Jámánì rí ọ̀nà tó dín òfò náà kù gan-an. Lónìí, ẹ̀rọ kan nínú àpótí ló ń dá a ṣe ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lọ́dún 2009, àwọn míì tún fi hàn pé aluminiọ̀mù, ohun tá a fi ń rọ ìkòkò ọbẹ̀, lè di flúórìn mú nínú omi gbígbóná, kó sì so ó mọ́ oògùn mìíràn. Èyí ló wù mí jù, torí ó mú iṣẹ́ náà sún mọ́ ti ilé ìdáná.

A dé UCH. Wọ́n gún bàbá, wọ́n ní kó mu omi dáadáa kó sì máa tọ̀. Lẹ́yìn bíi wákàtí mẹ́ta, ó dùbúlẹ̀ lábẹ́ kámẹ́rà. Kò dùn ún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá máa ṣe é, ẹ fọwọ́ dáadáa lẹ́yìn ìtọ̀, ẹ má gbé ọmọ kékeré mọ́ra, ẹ má sì sún mọ́ aláboyún pẹ́ títí dọjọ́ kejì. Aláboyún àti ìyá ọlọ́mọ tó ń fọ́mú fọ́mọ gbọ́dọ̀ sọ fún wọn kí wọ́n tó gún wọn.

Ilẹ̀ ti ṣú ká tó padà dé Ifẹ̀. Ọmọ-ọmọ bàbá sáré pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá nawọ́ síwájú.

"Dúró níbẹ̀ yẹn," ló wí, "ó di ọ̀la."