Bàbá Sàlá, Láìgbọ́ Ohùn Rẹ̀

Ní Òṣogbo tí mo gbé dàgbà, tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ló wà nínú àgbàlá wa. Ti bàbá onílé ni, ohùn rẹ̀ sì ti kú kí n tó gbọ́njú. Àwòrán ń hàn kedere, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń dún. Síbẹ̀, bí àsìkò Aláwàdà bá ti tó, tọmọdé tàgbà ni yóò pé jọ síwájú rẹ̀. A kì í gbọ́ gbólóhùn kan, a ó sì rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi máa bọ́ lójú àwọn ìyá wa.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé irú ìran bẹ́ẹ̀ ti fìgbà kan jẹ́ odidi iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé sinimá wá sí Gbọ̀ngàn Glover ní Èkó lọ́dún 1903, kò sí sinimá tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ara ni òṣèré fi ń wí ohun gbogbo. Ọ̀gá nínú wọn ni Charlie Chaplin, pẹ̀lú ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀ àti bàtà tó ju ẹsẹ̀ lọ. Nígbà tí sinimá bẹ̀rẹ̀ sí fọhùn ní ìparí àwọn ọdún 1920, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Òun kọ̀, kò jẹ́ kí alárìnká tó ń ṣe sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó wá ya ẹnu rẹ̀ nínú Modern Times, ní 1936, orin tí kò nítumọ̀ ló kọ.

Ọdún 1936 yẹn náà ni wọ́n bí Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Sàlá.

Èmi kò sọ pé ó wo Chaplin kọ́ṣẹ́. Ilẹ̀ tó ti ní eégún aláré kò nílò kí òyìnbó kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ara pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Olórin sì ni kó tó di aláwàdà. Inú ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ ni Sunny Adé ti bẹ̀rẹ̀. Bóyá ìlù ló kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìgbà tó yẹ kó gbé e àti ìgbà tó yẹ kó dá a dúró. Aago ògiri ló ń so kọ́ra, táì labalábá rẹ̀ á bo àyà, férémù awò ojú rẹ̀ kò ní dígí. Bí ó bá ń ka owó, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ti sọ fún wa pé ahun ni.

Ní 1982 ni ó gbé Ọ̀run Móoru jáde, tí Ọlá Balógun darí. Lámídì inú rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníjìbìtì, wọ́n gba gbogbo owó rẹ̀, ó bẹ́ sódò, àwọn ará ọ̀run sì ní àsìkò rẹ̀ kò tí ì tó. Owó ńlá ni ó fi ṣe é. Láyé ìgbà náà, ṣe ni wọ́n ń gbé fíìmù láti ìlú dé ìlú, ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn nìkan ni owó ti ń wọlé. Kó tó yí ìlú ká tán, àwọn kan ti jí i dà sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Ta ni yóò tún ra tíkẹ́ẹ̀tì? Gbèsè wọlé tọ̀ ọ́.

Kásẹ́ẹ̀tì náà dé ilé wa. Ẹnì kan yá bàbá mi, a sì pe aládùúgbò wá wò ó. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn Bàbá Sàlá: nínú ọjà olè. Ẹni tí wọ́n jà lólè ni à ń wò nínú fíìmù tí wọ́n jí, a sì ń rẹ́rìn-ín.

Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ṣe Ààrẹ Àgbáyé, ó ṣe Mòṣebọ́látán. Iléṣà ni ó kú sí, ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá, 2018, lẹ́ni ọdún 82. Gbogbo ayé yìn ín lọ́jọ́ náà, èmi náà sì wà lára wọn.

Láìpẹ́ yìí, nínú ọkọ̀ èrò láti Òṣogbo sí Iléṣà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó tì mí ń dá rẹ́rìn-ín sí fóònù rẹ̀. Bàbá Sàlá ni. Ó ti pa ohùn rẹ̀ nítorí àwọn èrò. Mo bi í níbi tó ti rí i.

“Wọ́n kàn fi ránṣẹ́ sí mi ni, bàbá. Ṣé kí n fi ṣọwọ́ sí yín?”

Mo ka nọ́ńbà mi fún un.