Níbo Ni Kí Ẹsẹ̀ Ẹni Kẹta Wà?

Ẹnikẹ́ni tó bá ti gun ọ̀kadà láti Ìtawùrẹ́ gòkè wá sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè yóò mọ̀ pé ọ̀nà wa kì í ṣe èyí tí ènìyàn lè fi ìdí nìkan jókòó lórí ọkọ̀. Bí a bá ti gun òkè kan tán, a ó tún sọ̀ kalẹ̀ níwájú. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kọ nípa ohun kékeré kan tí àwọn èrò kì í wò kí wọ́n tó gun ọ̀kadà: irin méjì tó yọ síta lẹ́yìn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí rọ́bà wà lórí wọn, tí a ń gbé ẹsẹ̀ lé. Ìtìsẹ̀ ni mo máa pè é nínú àròkọ yìí. Àwọn kan ní kò wúlò. Èmi ní ó wúlò, àti pé iye rẹ̀ ló yẹ ká máa fi mọ iye ènìyàn tí ọ̀kadà lè gbé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kà á. Ọ̀kadà Bajaj Boxer, tó pọ̀ gan-an lágbègbè wa, ní ìtìsẹ̀ mẹ́rin péré. Méjì iwájú jẹ́ ti ẹni tó ń wà á: ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wà nítòsí jíà, ẹsẹ̀ ọ̀tún wà nítòsí bíréèkì ẹ̀yìn. Méjì ẹ̀yìn jẹ́ ti èrò, ó sì ṣeé ká sókè nígbà tí kò bá sí ẹni tó jókòó síbẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rin, ènìyàn méjì. Àwọn ará Íńdíà tó ṣe é ti ka ènìyàn kí wọ́n tó ṣe é tán. Àwa ni a wo bí ìjókòó rẹ̀ ṣe gùn tó, tí a ní ó gba mẹ́ta, ó sì lè gba mẹ́rin bí ọmọdé bá wà nínú wọn.

Iṣẹ́ wo ni ìtìsẹ̀ ń ṣe? Nígbà tí ọ̀kadà bá ń gun òkè, ara èrò máa ń fà sẹ́yìn. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá wà lórí irin, wàá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wàá sì tẹ ara síwájú. Itan àti orúnkún ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ọwọ́ kàn ń dì mú díẹ̀ ni. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá ń fì, ọwọ́ nìkan ló kù, ohun tí ọwọ́ sì sábà máa ń rí dì mú ni ẹ̀wù ọlọ́kadà. Nígbà tí ènìyàn mẹ́ta bá wà lórí ọkọ̀ kan, ẹ̀yìn ni ìwúwo pọ̀ sí. Bí ẹni kẹta bá tún wá fa ọlọ́kadà sẹ́yìn lórí òkè, táyà iwájú á fúyẹ́, ọwọ́ ọkọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ibi tí àwọn ìyá ọlọ́jà ti máa ń pe Jésù nìyẹn. Bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀: èrò tí kò ní ohun tí yóò fẹsẹ̀ tì á máa yọ̀ síwájú títí yóò fi ti ọlọ́kadà mọ́ táńkì epo, ìgbà yẹn gan-an sì ni ọlọ́kadà nílò àyè láti fi tẹ bíréèkì. Ti kòtò kò le. Ẹni tó ní ibi tí yóò tẹ̀ á gbé ìdí sókè díẹ̀, kòtò á kọjá. Ẹni tí kò ní, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò fi gbà á.

Àwọn baba ńlá wa tó gun ẹṣin mọ èyí. Irin tí ẹlẹ́ṣin ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gàárì ni wọ́n ń pè ní líkáfà, ọ̀rọ̀ tí a yá lọ́wọ́ àwọn Haúsá. Títí di òní, bí ẹnì kan bá rí ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, a máa ń sọ pé líkáfà rẹ̀ gòkè àgbà. Mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò láìmọye ìgbà kí olùkọ́ Yorùbá wa tó ṣàlàyé fún wa pé ibi tí ẹlẹ́ṣin ń gbé ẹsẹ̀ sí ni. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti sọ ọ́, ẹsẹ̀ ni mo ń rò.

Bọ̀ọ̀dá kan wà ní ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń pé sí ládùúgbò wa tí kò gbà pẹ̀lú mi. Ó ti yọ ìtìsẹ̀ ẹ̀yìn kan kúrò lára ọ̀kadà tirẹ̀ nítorí pé ó ti wọ́, ó sì ń fa aṣọ àwọn ènìyàn ya nínú ọjà. Nígbà tí mo bi í pé níbo ni kí èrò wá gbé ẹsẹ̀ sí, ó ní, “Àbúrò, ẹsẹ̀ tí kò sí lórí irin ló ń tètè kanlẹ̀. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ ṣubú, fífò ni wàá fò.” Mi ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú ẹrẹ̀, níbi tí ọkọ̀ bá ti ń rọra lọ, òótọ́ ni. Ọlọ́kadà fúnra rẹ̀ máa ń gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò, tí yóò máa fi wọ́lẹ̀ bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀dà, tí ọkọ̀ ń sáré, ta ló ráyè fò? Ìtìsẹ̀ kò sì de ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Kò ní okùn. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ lè gbé e kúrò.

Ẹsẹ̀ tó ń fì kì í sì í dúró lójú kan. Lápá ọ̀tún, sàlẹ́ńsà ló ń dúró dè é. Àpá rẹ̀ wọ́pọ̀ ní ìlú wa: àpá dúdú lábẹ́ orúnkún ẹsẹ̀ ọ̀tún, lápá inú. Àwọn ọmọ kíláàsì mi tó ní in pọ̀ débi pé wọ́n máa ń fi wéra. (Ọṣẹ ìfọyín àti ẹyin tútù tí àwọn ènìyàn ń sáré fi sí i kò dára. Omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ dà sí i fún 20 ìṣẹ́jú.) Lẹ́yìn pátápátá, táyà ń yí. Bí gìgísẹ̀ ọmọdé bá wọ àárín àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀, awọ á bó, egungun pàápàá lè kán. Àbúrò mi, ọmọ ọdún méje, kò tíì ní àpá kankan.

Òfin ìrìnnà wa sọ pé èrò kan ṣoṣo ni ọ̀kadà gbọ́dọ̀ gbé, àti pé òun àti ọlọ́kadà gbọ́dọ̀ dé akoto. Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú ọ̀rọ̀ akoto ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2009, àwọn kan dé igbá, àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà. Àwọn àgbà ṣì ń fi rẹ́rìn-ín. Orí ni gbogbo wa ń sọ láti ìgbà náà. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dá ọlọ́kadà dúró nítorí ẹsẹ̀ èrò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé òfin ojú pópó wọn sọ pé kí èrò kọjú síwájú, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì wà lórí ìtìsẹ̀. Mo fẹ́ràn gbólóhùn yìí. Kò ní kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jiyàn bóyá ọmọ ti dàgbà tó. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá débẹ̀, kò débẹ̀ náà ni.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin òbí yóò bi mí pé owó dà. Ìbéèrè gidi ni. Ọlọ́kadà tó ń gbé àbúrò mi àti ọmọ méjì ará ilé wa lọ sí ilé ìwé ń gba owó lóṣooṣù. Bí ó bá gbé àwọn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, epo ẹ̀ẹ̀kan ló jó. Bí ó bá gbé wọn níkọ̀ọ̀kan, epo ẹ̀ẹ̀mẹta ni, láti ìgbà tí ìjọba sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Èbìbí ọdún 2023, kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí epo ti dà. Nígbà tí mo sọ fún màmá mi pé ẹsẹ̀ àbúrò mi kò tó ìtìsẹ̀, wọ́n ní, “Ṣé ẹsẹ̀ tìẹ tó o nígbà tí mò ń san owó ọ̀kadà tìẹ?” Mi ò rí èsì fọ̀. Ẹsẹ̀ mi kò tó o lóòótọ́.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí, wọ́n ní bí mo bá lè máa jí ní aago márùn-ún, kí n máa mú un dání. A ti ń fẹsẹ̀ rìn láti ìgbà náà. Ní ọ̀sán, ó ń dúró dè mí ní ìsọ̀ àbúrò màmá mi títí a ó fi jáde. Kò dùn mọ́ ọn nínú rárá, pàápàá nígbà tí ọ̀kadà náà bá kọjá lára wa ní ìgẹ̀rẹ́ òkè, tí àwọn ọmọ méjì yòókù ń juwọ́ sí i. Èyí tó jókòó lẹ́yìn ti ń rí ìtìsẹ̀ lò báyìí; èyí tó wà láàárín kò tíì rí.

Mo bẹ mẹkáníìkì kan, mo sì fi okùn wọn ọ̀kadà rẹ̀ láti orí ìjókòó dé orí ìtìsẹ̀. Okùn náà wà lára ìṣó ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wa. Àdéhùn wa ni pé ọjọ́ tí ẹsẹ̀ àbúrò mi bá tó o, tí ìtìsẹ̀ sì ṣófo fún un, yóò padà sórí ọ̀kadà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kìn-ín-ní, ó ku ìbú ìka márùn-ún. Lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, mo tún un wọ̀n, ó ku mẹ́rin. Ó ní n kò wọ̀n ọ́n dáadáa, pé òun kò tíì na ẹsẹ̀ tán.