Tọkọtaya Titun ní Ìlú Àjèjì: Níti Oúnjẹ Ilé àti Oúnjẹ Òde

Nínú gbogbo ẹjọ́ tí àwọn òbí máa ń kó wá sọ́dọ̀ wa nípa àwọn ọmọ wọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, kò sí èyí tí etí wa ń gbọ́ ní òde òní tó ẹjọ́ oúnjẹ. “Ọmọ mi kò dáná mọ́.” “Bùkà ni ọkọ ọmọ mi ti ń jẹun.” “Owó tí wọn ìbá fi ra ilẹ̀, ẹnu ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ tán.” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí. Ó pẹ́ tí a ti ń kọ́ àwọn tí ń múra ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìwé ìṣirò owó ni a sì ti ń fi jẹun ní ọ́fíìsì láti ìgbà èwe wa. Nítorí náà ọ̀rọ̀ ilé àti ọ̀rọ̀ owó kò ṣe àjèjì sí wa. Èrò wa lórí ẹjọ́ yìí ni a fẹ́ gbé kalẹ̀ lónìí, kí olúkúlùkù sì gbé e yẹ̀wò.

Kí a kọ́kọ́ mú ohun kan kúrò lọ́nà. Jíjẹ oúnjẹ tí a rà kì í ṣe àṣà tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí mú dé. Láti ayé àwọn baba wa ni ẹlẹ́kọ ti ń kiri ní òwúrọ̀, tí alákàrà ti ń dín àkàrà ní ìkóríta, tí agboolé ńlá tí ààrò pọ̀ nínú rẹ̀ sì ń rán ọmọdé lọ ra ẹ̀kọ àti ọ̀ọ̀lẹ̀ kí àgbẹ̀ tó mú ọ̀nà oko pọ̀n. Àwọn ìyá wa kò ka èyí sí ìwà ọ̀lẹ. Àwọn àgbà a máa ṣe àwàdà pé iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá ni à ń jẹ ẹ̀kọ, kí ẹnu má baà dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ipò oúnjẹ ni ọ̀rọ̀ yìí ń tò. Kò sọ pé inú ilé nìkan ni a gbọdọ̀ ti sè é.

Ìlú tí a fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ni Ìbàdàn, nítorí ìlú àwọn àlejò ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ibùdó ogun ni ó jẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1829, nígbà tí àwọn jagunjagun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá pàgọ́ sí i. Ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé ibẹ̀ ní ọdún 1901. A dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1948. A sì ṣí ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní 1957. Olúkúlùkù àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ó ń pe àwọn ọ̀dọ́ láti ìlú mìíràn wá, tí wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ ilé níbi tí ìyá ẹnìkankan kò sí nítòsí láti fi ọ̀nà ọjà hàn wọ́n.

Àwọn tí ó mọ ìtàn ìjọ yóò rántí tọkọtaya kan tí ó ṣáájú gbogbo àwọn wọ̀nyí. Ní ọdún 1852 ni David Hinderer, ará Jámánì, gbé Anna, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, níyàwó. Ní ọdún 1853 wọ́n ti tẹ̀dó sí Kúdẹtì ní Ìbàdàn, Anna kò sì tíì pé 30 ọdún. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà etí òkun dí, owó àti ẹrù kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́, títí wọ́n fi ń ta ohun èlò inú ilé láti rí owó ẹyọ tí wọn yóò fi ra oúnjẹ fún ara wọn àti fún àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́. Kì í ṣe oúnjẹ tí a fi tọ́ wọn ní ilé baba wọn ni wọ́n jẹ là á já, bí kò ṣe èyí tí ìlú fún wọn. Àpẹẹrẹ ńlá ni fún ẹni tí ó bá rò pé ìgbéyàwó yóò wó bí ìkòkò kò bá rí bí ti ìyá ẹni.

Nísinsìnyí, a ó sọ ti àwọn tí a mọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ni ìyàwó. Adó-Èkìtì ni a ti tọ́ ọ dàgbà, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó sì ń ṣe. Ọmọ Abẹ́òkúta ni ọkọ, akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní agbègbè Dùgbẹ̀. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, iṣẹ́ ni ó kó àwọn méjèèjì wá sí Ìbàdàn, wọ́n sì gba yàrá méjì lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní ìhà Agbowó. Ìyàwó gbé odó àti ọmọ odó wá láti ilé, nítorí ọmọ Èkìtì kì í fi iyán ṣeré. Ọkọ gbé àpò láfún kan wá, nítorí àmàlà funfun ni ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n onílé kọ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún odó lórí òkè. Odó di ohun tí wọ́n ń gbé aṣọ lé. Láfún sì tán ní oṣù kejì.

Iṣẹ́ ìyàwó kò ní wákàtí kan pàtó. Ọ̀sẹ̀ kan a jẹ́ ti òwúrọ̀, òmíràn ti ọ̀sán, òmíràn a sì jẹ́ ti òru, tí ó fi jẹ́ pé bí aya ti ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ ní òwúrọ̀ ni ọkọ ti wọ Máíkírà lọ sí Dùgbẹ̀. Ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, aya a se ọbẹ̀ tí yóò tó ọjọ́ mẹ́rin, a kó o sínú fìríìjì. Iná ọba a lọ fún ọjọ́ méjì, ọbẹ̀ a sì kan. Láti ìgbà tí ìjọba sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ ti fò sókè, owó ọkọ̀ tí ó gbé iṣu àti èlùbọ́ wọ ọjà Bódìjà sì ti gun orí owó iṣu àti èlùbọ́. Ẹni tí ó bá da ìkòkò ọbẹ̀ kan nù ní àkókò yìí, ó mọ ohun tí ó dànù.

Ọkọ kò fẹ́ kí aya tí iṣẹ́ ti rẹ̀ tún dúró ti iná, nítorí náà a máa jẹun ní ìtòsí ọ́fíìsì kí ó tó bọ̀, bí ó bá sì dé ilé a wí pé, “Ebi kò pa mí.” Aya ń gbọ́ gbólóhùn yìí ní alaalẹ́, ó sì túmọ̀ rẹ̀ pé oúnjẹ òun kò wu ọkọ òun mọ́. Òun pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun níbi iṣẹ́. Àánú ni ti ọkọ, ìtìjú ni ti aya, ṣùgbọ́n ìkòkò òfìfo nìkan ni àwọn méjèèjì ń rí. Nígbà tí owó bá tán ní ogúnjọ́ oṣù, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè ẹni tí ó jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ le títí ẹ̀gbọ́n wa fi tẹ̀ wá láago láti Adó pé, “Àbúrò mi, ọmọ rẹ ń di ẹrù o.”

Ìlú Èkó ni àwa ń gbé. A wọ ọkọ̀ ojú irin titun, èyí tí ó ti ń kó èrò lọ sí Ìbàdàn láti ọdún 2021, ní Èbúté Mẹ́ta, a sì sọ̀ ní Mọ́níyà. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ wọn, kí a tó dá ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, ìyàwó mú ìwé kan jáde. Fún 30 ọjọ́ ni ó ti ń kọ ọ́, láìjẹ́ kí ọkọ mọ̀: ọjọ́, oúnjẹ, ibi tí a ti jẹ ẹ́, iye rẹ̀, àti ẹni tí a bá jẹ ẹ́. Ti ara rẹ̀ ni ó ń kọ; ti ọkọ, a máa rọra béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni ń tàkúrọ̀sọ. Gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé, owó ni ojú wa kọ́kọ́ wò, kò sì kéré: oúnjẹ òde fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìlọ́po méjì owó tí a ná sí ti ilé. Ṣùgbọ́n ìyàwó fi ìka sí ìlà tí ó kẹ́yìn. Nínú 30 ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni ọkọ àti aya jókòó jẹun pọ̀.

Ọkọ ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “Mo rò pé mo ń jẹ́ kí o sinmi ni.”

Ìyàwó dáhùn pé, “Èmi sì rò pé ọbẹ̀ mi ni ẹ kò fẹ́.”

Àwa kò tún ní ìdájọ́ kan láti dá. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ṣe òfin ilé wọn ní alẹ́ ọjọ́ náà. Wọn yóò lẹ ìwé tí ó ń fi àkókò iṣẹ́ ìyàwó hàn mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kí ọkọ lè mọ ọjọ́ tí ilé ṣófo àti ọjọ́ tí kò ṣófo. Ní ọjọ́ ìsinmi ìyàwó, àwọn méjèèjì ni yóò dáná, ọkọ yóò sì kọ́ bí a ti ń ro ọkà. Ọbẹ̀ ọjọ́ méjì ni wọn yóò máa sè, kì í ṣe ti ọjọ́ mẹ́rin. Lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀, ní ọjọ́ tí àyè bá yọ, wọn yóò jáde lọ jẹun pọ̀ ní òde, owó rẹ̀ yóò sì ti wà nínú àpò ìwé kan láti ìgbà tí owó oṣù bá ti wọlé. Bí ó bá tán, ó tán.

A bá wọn lọ ní ọjọ́ kejì sí ilé ọlọ́kà kan ní ìhà Bódìjà. Kò sí aṣọ orí tábìlì níbẹ̀. Bẹ́ǹṣì gígùn ni, awakọ̀, olùkọ́ àti oníṣòwò ẹran sì jókòó pọ̀ lórí rẹ̀. A tò sórí ìlà. Obìnrin kan ń fi igbá kékeré bu àmàlà láti inú ìkòkò ńlá, gbígbóná tí ń rú èéfín, dúdú bí ilẹ̀ oko tí òjò rọ̀ sí. Iṣu tí a bó, tí a fi omi gbígbóná bọ̀, tí a sá sí oòrùn títí ó fi gbẹ, ni a lọ̀ di èlùbọ́ rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni gbẹ̀gìrì wà, ẹ̀wà tí a bó èèpo rẹ̀, tí a sì sè títí ó fi yọ́ pátápátá. Àti ewédú tí a fi ìjábẹ̀ já, tí òórùn irú ń ta sánsán lára rẹ̀. Àti ọbẹ̀ ata tí ó rú epo. A da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní àbùlà. Ẹnìkan mú ṣàkì, ẹnìkan mú ẹran ewúrẹ́. Ìyàwó tí a bí sínú iyán àti ọkọ tí a bí sínú láfún jókòó ti oúnjẹ kan tí kì í ṣe ti ìyá ẹnìkankan nínú wọn. Nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè wí pé ti ilé wa ni ó dára jù. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, nípa aláìsàn tí ara rẹ̀ yá, nípa ọ̀gá ọ́fíìsì, nípa owó ilé ọdún tí ń bọ̀. A gbọ́ ẹ̀rín wọn fún ìgbà kìíní láti ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ní oṣù kejì lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n wa wá wò wọ́n. Ó ṣí ìkòkò, ó bá a ní òfìfo, ó sì káwọ́ lérí. Ọkọ dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa lọ, òní ni ọjọ́ wa.” Ó tẹ̀lé wọn pẹ̀lú ìkùnsínú. Bí ó ti jẹun tán, ó pe onílé oúnjẹ, ó béèrè ibi tí ó ti ń ra èlùbọ́ rẹ̀, ó sì yìn ín. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ó wí fún ọmọ rẹ̀ pé, “Ọkà náà kò burú. Ṣùgbọ́n iyán ni oúnjẹ.” Láti ọjọ́ náà kò tún rojọ́ ìkòkò fún wa mọ́.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo nǹkan ti wá dán mọ́rán. Owó kò tíì tó wọn. Ọ̀sẹ̀ mìíràn wà tí àpò ìwé náà kò lè ra àwo méjì, tí wọ́n ra ẹ̀kọ àti àkàrà, tí wọ́n sì jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé wọn jẹ ẹ́. Ìyàwó kọ èyí pẹ̀lú sínú ìwé, ó sì kọ orúkọ ọkọ rẹ̀ sí ìlà tí ó kẹ́yìn.

Ìmọ̀ràn wa kò pọ̀ jù mẹ́ta lọ. Èkíní, ẹ̀yin ọ̀dọ́: ẹ máa kọ ohun tí ẹ ń ná sí oúnjẹ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ẹni tí ẹ bá jẹ ẹ́ kún un, nítorí àdánù mìíràn wà tí iye owó kò lè fi hàn. Èkejì, ẹ̀yin ọkọ: bí àánú aya yín bá ń ṣe yín, ẹ sọ ọ́ fún un ní gbangba, àánú tí a kò sọ jáde lè dàbí ìkórìíra. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin òbí: nígbà tí ẹ bá wọ ilé àwọn ọmọ yín ní ìlú àjèjì, ẹ má ṣe tètè ṣí ìkòkò. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ìgbà tí wọ́n jókòó ti ara wọn jẹun kẹ́yìn. Bí ìdáhùn wọn bá dára, ìbáà jẹ́ ní ìdí ààrò tàbí lórí bẹ́ǹṣì ọlọ́kà, ilé náà dúró.