Ẹrù Tí Ń Bọ̀ Lẹ́yìn

Ní ilẹ̀ Yorùbá, orí ni a fi ń ru ẹrù, ẹ̀yìn ni a fi ń pọn ọmọ, èjìká ni a sì ń gbé ọkọ́ kọ́. Gbogbo ìwọ̀nyí ni èdè wa ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n ní ti ẹrù tí ń bọ̀ lẹ́yìn ẹni, ọ̀rọ̀ wa kò pọ̀: a ń fà á, tàbí a ń wọ́ ọ, ó parí. Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò gbọ́n. Nínú igbó kìjikìji ìhà ibí yìí, eṣinṣin tí àwọn òyìnbó ń pè ní tsetse a máa fi àrùn pa ẹṣin àti màlúù, nítorí náà kò sí ẹran tí a lè so mọ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ẹsẹ̀ ènìyàn ni ọkọ̀, orí ènìyàn sì ni àgbékà. Nígbà tí ó wá kàn mí, ní ọdún 2023, láti fi píkọ́ọ̀pù fa ọkọ̀ ẹrù fún ìgbà àkọ́kọ́, mo rí i pé ọgbọ́n kan tí a kò bá nílé ni mo fẹ́ kọ́.

Kí olùkàwé má ṣe ṣì mí gbọ́. Bí a bá dárúkọ tírélà ní ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ́n, ọkọ̀ ńlá tí ń kó sìmẹ́ńtì ni ọkàn ènìyàn ń lọ sí. Èyí tí mo ń sọ kéré púpọ̀: pẹpẹ irin lórí ẹsẹ̀ méjì, tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí ọ̀pá irin gígùn kan wà ní iwájú rẹ̀. Ní orí ọ̀pá náà ni fìlà irin kan wà, òun ni a sì ń dé lé irin olórí róbótó tí ó wà ní ìdí píkọ́ọ̀pù. Ìjọ kan ní ìhà Ọ̀sẹ̀ ti fi owó ìkórè ọdún méjì gbẹ́ ìjókòó 24 ní Ọ̀wọ̀, nítorí orí búlọ́ọ̀kù ni àwọn ọmọ wọn ń jókòó lé nínú ilé Ọlọ́run. Owó tí ó ṣẹ́kù kò tó láti gba ọkọ̀ akẹ́rù. Ọmọ ìjọ kan yọ̀ǹda ọkọ̀ ẹrù yìí, tí ó rà ní Tòkunbọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí àwọn ìjókòó náà bá fọ́ ní ọ̀nà, ìkórè ọdún méjì ni ó fọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ ni pé irin róbótó kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Píkọ́ọ̀pù wa ti Amẹ́ríkà wá, ìwọ̀n irin tirẹ̀ sì jẹ́ íǹṣì 2, èyí tí í ṣe mìlímítà 50.8. Ṣùgbọ́n mìlímítà 50 ni a ṣe fìlà ọkọ̀ ẹrù náà fún. Ìyàtọ̀ wọn kò tó mìlímítà kan, ojú lásán kò sì lè rí i. Síbẹ̀, fìlà tí kò wọ orí dáadáa kì í pẹ́ ṣí nínú ìjì. Mẹkáníìkì fẹ́ fi òòlù gbá a wọlé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tú irin náà, kí ó sì de èyí tí ó bá fìlà mu. Lẹ́yìn èyí ni a fi ẹ̀wọ̀n méjì kọ́ra bí àgbélébùú lábẹ́ ọ̀pá náà, kí ó lè jẹ́ pé bí fìlà bá tilẹ̀ ṣí, orí ẹ̀wọ̀n ni ọ̀pá yóò bọ́ sí, tí kò fi ní fi imú gún ilẹ̀. Rìwáyà sì so iná ẹ̀yìn, kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn wa lè mọ ìgbà tí a ń dúró àti ibi tí a ń yà sí.

Ẹ̀kọ́ kejì ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ìṣirò wọn bá mi yẹ̀ wò. Ìjókòó kọ̀ọ̀kan wọn kílò 40. 24 rẹ̀ jẹ́ 960. Ọkọ̀ ẹrù fúnra rẹ̀ jẹ́ 350. Àpapọ̀ rẹ̀ ni 1,310. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí sọ pé ìdá 10 sí 15 nínú 100 ìwọ̀n yìí ni ó yẹ kí ó tẹ ìdí ọkọ̀ iwájú, èyíinì ni kílò 131 títí dé bí 196. Bí ẹrù bá wúwo lẹ́yìn ẹsẹ̀ ọkọ̀ ju iwájú lọ, ìdí rẹ̀ yóò máa jù bí ìrù ẹja, yóò sì máa ju ọkọ̀ iwájú kiri pẹ̀lú. Bí eré bá sì ti ń pọ̀ sí i ni ìjù náà ń le sí i, títí awakọ̀ kò fi ní lè kápá rẹ̀ mọ́.

Àwọn káfíńtà ti kó èyí tí ó pọ̀ jù sí ẹ̀yìn, kí ó lè rọrùn láti sọ̀ kalẹ̀. Mo yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ àwọn tí ń ra kòkó, a sì gbé imú ọ̀pá náà lé e: kílò 60 péré. A gbé ìjókòó mẹ́fà láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, a tún wọ̀n ọ́: 160. A kò fi ìjókòó kan kún un, a kò sì mú ọ̀kan kúrò; ipò nìkan ni a pa dà.

Ibi tí ó ti le jù kò sí nínú irin rárá. Àgbà ìjọ kan, tí ó tó baba fún mi, wí pé, “Ajíhìnrere, ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ mẹ́jọ yìí gun orí ẹrù. Àwọn ni yóò sọ ọ́ kalẹ̀.”

Mo tẹríba, mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹrù ni a fi okùn dì. Ènìyàn kò ṣe é dì.”

Ó ní, “Orí ẹrù ni gbogbo wa ń gùn lọ sí oko láti ọjọ́ tí a ti dáyé, a sì ń pa dà wálé.”

Òtítọ́ ni ó sọ, nítorí àwọn tí kò pa dà wálé kò sí níbẹ̀ láti bá a jiyàn. Mo lè ti mú ìtàn Ússà jáde, ẹni tí ó kú ní ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi Ìwé Mímọ́ pa àgbà lẹ́nu mọ́ níbi tí owó ọkọ̀ lè yanjú ọ̀rọ̀. Mo san owó ọkọ̀ àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Bàbá bá wọn wọkọ̀, kò sì dá mi lóhùn nígbà tí mo kí i pé ó dàbọ̀.

Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1988, fi kìlómítà 45 ní wákàtí kan ṣe òpin eré fún ọkọ̀ tí ó bá ń fa òmíràn. Ẹ ṣírò rẹ̀: mítà méjìlá àbọ̀ ni ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo mú un bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a rìn díẹ̀, mo dúró láti fọwọ́ kan okùn àti ìgbá ẹsẹ̀ ọkọ̀, nítorí ẹrù a máa jókòó dáadáa lẹ́yìn tí ọ̀nà bá ti gbọ̀n ọ́n, okùn a sì dẹ̀. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo ti lo jíà kékeré kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀. Ọkọ̀ ẹrù náà ní bíréèkì tirẹ̀: bí ọkọ̀ iwájú bá dẹwọ́, ẹrù tí ń tì í lẹ́yìn ni yóò ti ọ̀pá wọlé, tí yóò sì fi bẹ́ẹ̀ dá ara rẹ̀ dúró.

Lójijì ni ọkọ̀ epo kan ré wa kọjá, ẹ̀fúùfù rẹ̀ sì gbá ẹrù náà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo rí ìdí rẹ̀ nínú dígí, ó yà sí ọ̀tún, ó yà sí òsì. Ohun tí ẹsẹ̀ ènìyàn fẹ́ ṣe ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni kí ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ọwọ́ a sì fẹ́ máa dojú ìdarí kọ ìjù náà. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, mo di ìdarí mú gbọn-in sí ọ̀kánkán. Ó jù lẹ́ẹ̀kan sí i, ó rọ̀, ó tò sẹ́yìn wa. Nígbà náà ni mo ro ti ọ̀dọ́ mẹ́jọ, àti ibi tí wọn ì bá wà.

Wọ́n ti dé ṣáájú mi. Ó kù kí n fi ẹ̀yìn wọ àgbàlá ìjọ, iṣẹ́ tí ń dójú ti ọ̀pọ̀ awakọ̀, nítorí òdì ni ọkọ̀ ẹrù ń gbọ́ ọ̀rọ̀: bí a bá yí ìdarí sí ọ̀tún, ìdí rẹ̀ a lọ sí òsì. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kí a fi ọwọ́ kan di ìsàlẹ̀ ìdarí mú. Ibi tí ọwọ́ bá lọ ni ẹ̀yìn ẹrù yóò lọ. Mo ń rọra bọ̀ báyìí nígbà tí mo rí àgbà náà nínú dígí, ó dúró ní igun ògiri, ó ń fi ọwọ́ júwe fún mi: “Ẹ máa bọ̀, Ajíhìnrere, ẹ máa bọ̀. Ó tó.” Kò mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ àárọ̀. Bí wọ́n ti ń sọ ìjókòó kalẹ̀, ó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó ka 24, ó ní, “Wọ́n pé.”

Ẹ̀yin olùkọ́, ohun kan ni ó kù tí mo fẹ́ sọ. Bí ọkọ̀ tí ń fa ẹrù bá dé ìkóríta, ẹsẹ̀ ẹrù a máa gba inú ju ẹsẹ̀ ọkọ̀ iwájú lọ. Nítorí náà awakọ̀ gbọ́dọ̀ yà gba ìta, ju bí òun nìkan ì bá ti ṣe. Ẹni tí ó rin ọ̀nà náà tìrọ̀rùn ní òun nìkan lè má mọ̀ pé gọ́tà ni ẹ̀yìn rẹ̀ yóò bọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwa tí a ń fa ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìn. Kì í ṣe ibi tí ẹsẹ̀ tiwa lè gbà ni kí a máa wò, bí kò ṣe ibi tí tiwọn yóò gbà.