Ojú Tó Padà Sí Ẹnu

Lábẹ́ eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀, nínú egungun àgbọ̀n, ihò tóóró kan wà tí iṣan kan gbà kọjá lọ sí ètè. Bí irin oníṣẹ́ abẹ bá kan iṣan náà, ètè aláìsàn lè kú. Á máa mu omi, omi á máa ṣàn sí i lágbọ̀n, kò ní mọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi kọ́ wa pé kí a fi ó kéré tán mìlímítà 2 sílẹ̀ láàárín irin àti ihò yẹn. Bẹ́ẹ̀, ihò náà kì í hàn síta. Ní tèmi, ìtàn iṣẹ́ wa ni ìtàn bí a ṣe ń wá ojú tó lè rí inú egungun. Nígbàkígbà tí a bá sì rí ojú tuntun kan, ńṣe ló ń mú wa wo ibòmíràn dípò ẹnu aláìsàn.

Pira ni wọ́n bí mi sí, lójú ọ̀nà tó ti Savalou gba Bantè lọ sí Bassila. Orín àtà ni ìtọ́jú eyín tí mo bá nílé. Oje rẹ̀ a máa ta ẹnu, á sì mú un kú díẹ̀, ìyẹn sì ń ran ẹni tí eyín ń dùn lọ́wọ́. Bí orín kò bá ràn án mọ́, ẹnì kan wà tó ní ẹ̀mú. Kò sí abẹ́rẹ́. Àwọn ọkùnrin á di aláìsàn mú, ó parí. Mi ò jẹ́ bú ọkùnrin ẹlẹ́mùú yẹn láéláé. Ìka rẹ̀ gbọ́n. Á tẹ èrìgì, á mi eyín náà síwá sẹ́yìn, á mọ ibi tí gbòǹgbò rẹ̀ tẹ̀ sí kó tó fi irin kàn án. Àmọ́ gbòǹgbò tó bá kán sínú egungun kọjá agbára ìka, mo sì rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú títí ojú fi dí. Torí irú ẹ̀rẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lọ kọ́ṣẹ́ yìí ní Dakar.

Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń ka fọ́tò egungun. Oṣù Kọkànlá ọdún 1895 ni Röntgen rí ìtànṣán tí a fi ń yà á ní Jámánì. Nígbà tó fi máa di oṣù Kìíní ọdún 1896, dókítà eyín kan, Otto Walkhoff, ti gbé awo fọ́tò sẹ́nu ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 25 gbáko kí àwòrán tó jáde. Ní New Orleans, Edmund Kells fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán ìtànṣán wò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìtànṣán náà jẹ àwọn ìka rẹ̀, wọ́n gé wọn, wọ́n sì gé ọwọ́ náà níkẹyìn. Mo máa ń dárúkọ Kells fún àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń kọ́, torí ohun tí a fi ń ríran lónìí, ara rẹ̀ ló fi san án.

Fọ́tò ìgbà náà pẹrẹsẹ. Bí gbòǹgbò eyín àti ihò iṣan bá gun ara wọn lórí rẹ̀, èwo ló wà níwájú? A ó gbé e sórí iná lára ògiri, a ó wò ó, a ó yíjú sí ẹnu, a ó tún yíjú padà. Lẹ́yìn tí Per-Ingvar Brånemark ní Swídìn wá rí i pé títáníọ̀mù a máa lẹ̀ mọ́ egungun ehoro débi pé kì í ṣeé yọ mọ́, tó sì de eyín mọ́ irú irin bẹ́ẹ̀ lágbọ̀n èèyàn ní 1965, ọ̀rọ̀ náà le sí i: a kì í yọ nǹkan nínú egungun nìkan mọ́, a ń gbé nǹkan sí i. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ NewTom jáde láti Ítálì, tó ń yí orí èèyàn po, tó sì ń fúnni ní gbogbo àgbọ̀n ní tìbú-tòòró àti jíjìn. Kámẹ́rà tó ń tẹ̀lé irin ìluhò náà dé, ó ń fi ibi tí ẹnu irin dé hàn lójú kọ̀ǹpútà. Ó dára gan-an, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ wà lẹ́nu: ibi tí o kò wò lo ń lu.

Ní ọdún 1992, Tom Caudell àti David Mizell ní ilé iṣẹ́ Boeing kọ̀wé lórí awò tó lè fi àwòrán lé orí iṣẹ́ gan-an, kí àwọn tó ń to wáyà ọkọ̀ òfúrufú má baà máa yíjú sí pátákó ìtọ́ni. Wàhálà tiwa náà nìyẹn! Microsoft gbé awò HoloLens jáde ní 2016. Ní oṣù Kejìlá 2017, Thomas Grégory fi ṣe iṣẹ́ abẹ èjìká ní ilé ìwòsàn Avicenne, nítòsí Paris.

Faransé ni èmi náà ti kọ́kọ́ gbé e wọ̀, lórí àgbọ̀n oníke, lẹ́yìn náà lórí èèyàn, ọ̀gá mi dúró tì mí. Mo wo ẹnu, mo sì rí ihò iṣan náà ní àyè rẹ̀ lábẹ́ èrìgì, ó pọ́n yòò. Ojú mi àti ọwọ́ mi wà níbì kan náà. Mi ò lè ṣàlàyé ayọ̀ yẹn tán.

Iṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀ pọ̀, ṣá. A ó ya àgbọ̀n, a ó fi kọ̀ǹpútà ya egungun sọ́tọ̀ kúrò lára iṣan, a ó sì so àmì kan mọ́ eyín aláìsàn kí awò lè mọ ibi tí àwòrán yóò dúró sí. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ kì í dúró sójú kan, nítorí náà ara rẹ̀ gan-an ni àmì gbọ́dọ̀ wà. Ẹni tí kò ní eyín mọ́, a ní láti fi ìdè tín-ín-rín de àmì mọ́ egungun rẹ̀. HoloLens sì fẹ́ kí ojú máa wo nǹkan bíi mítà méjì, ẹnu aláìsàn kò sì jìnnà ju ìgbọ̀nwọ́ lọ. Ojú a máa rẹni. Àṣìṣe irú awò yìí a máa tó mìlímítà 1 sí 2 nínú ìwádìí. Mìlímítà 2 náà ni wọ́n ní kí a fi sílẹ̀. Nítorí náà mo ṣì ń fi ìka tẹ egungun, bíi ti ọkùnrin ẹlẹ́mùú ní Pira, kí n tó gba ohun tí awò sọ gbọ́.

Nílé, kì í ṣe eyín títáníọ̀mù ni mo kọ́kọ́ ń rò. Kókó àgbọ̀n tí wọ́n ń pè ní ameloblastoma ni. Kì í sábà dunni ní ìbẹ̀rẹ̀. Á máa dàgbà fún ọ̀pọ̀ ọdún, oko kajú á sì gba ọkàn ẹni tó ní in títí ojú rẹ̀ yóò fi wọ́. Ọkọ̀ ojú omi Africa Mercy tó gúnlẹ̀ sí Kútọnu ní 2009 àti 2016 wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ irú kókó bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. A ó gé àgbọ̀n, a ó sì lè mú egungun tín-ín-rín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúgun fi dípò rẹ̀. Ibi tí ayùn yóò gbà ni awò lè fi hàn. Ní Korle Bu ní Àkrà, àwọn oníṣẹ́ abẹ àtúntò ara ti bá àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Glasgow jọ wo aláìsàn kan náà lórí àwòrán oníjìnlẹ̀. Kò jìnnà sí wa.

Microsoft dáwọ́ ṣíṣe HoloLens 2 dúró ní 2024, ẹ̀rù sì ba àwọn kan lára wa. Kò bà mí. Awò lè yí padà. Ẹ̀rọ tó ń ya àgbọ̀n ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún níwájú àwọn tó ń bójú tó ìlera ní Savalou àti Bantè, pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ ọ́n kà, kí wọ́n lè rí kókó náà nígbà tó ṣì kéré bí ẹyọ àgbàdo.